Ọ̀já Kan Tí Kò Ní Ààlà

Kí ìṣọ̀kan tó dé, omi nìkan ló ya ará ìhín odò sọ́tọ̀ kúrò lára ará ọ̀hún, omi náà kò sì ju orúnkún lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí àna rẹ̀ á ká ṣòkòtò sókè, á la odò kọjá, á kí i, á sì padà wálé kí ọbẹ̀ tó tutù. Nígbà tí ìṣọ̀kan dé, tí ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé pé ọjà kan ṣoṣo ni ilẹ̀ àwọn láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n kọ́ afárá, wọ́n sì fi igi ìdènà dábùú àárín rẹ̀, kí aráyé lè mọ ibi tí ìṣọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Igi náà máa ń ké tí wọ́n bá ń gbé e sókè. Igbe rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Òfin afárá náà kò le. Ọjà ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ mú ìwé ìkọjá dání, ilé iṣẹ́ tí wọ́n sì ti ń gba ìwé ìkọjá wà ní òdìkejì afárá. Bí ẹnìkan bá bi Oníbodè pé báwo ni ẹni tí kò níwèé yóò ṣe débi tí wọ́n ti ń gbàwé, á ní òun kọ́ lòun kọ́lé, igi ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ òun.

Obìnrin kan wà ní ìhín odò tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Ọlọ́ọ̀já, nítorí ọ̀já ìpọnmọ ló ń hun tà. Ìyá rẹ̀ hun ún, ìyá ìyá rẹ̀ hun ún, kò sì sí ẹni tó gbọ́njú ládùúgbò náà tí ọ̀já ilé wọn kò gbá mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ rí. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, obìnrin. Ọmọ yìí lọ́kọ sí ọ̀hún odò kí igi ìdènà tó dé. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó bímọ.

Àwọn tó ń kó ẹrù kọjá ló gbé ìròyìn náà wá. Wọ́n ní ọmọ náà lẹ́wà, ohùn rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyá rẹ̀ kò mọ ọmọ pọ̀n. Tó bá ń lọ lọ́nà, orí ọmọ á wọ́ sọ́tùn-ún, á tún wọ́ sósì, bí orí àgbà tó ń tòògbé níbi ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Ọlọ́ọ̀já lára. Obìnrin tó ti so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìdajì ìlú, ọmọ-ọmọ tirẹ̀ ni orí rẹ̀ ń wọ́. Ó fi ọ̀já ránṣẹ́, ó tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ọ̀já ń kọjá. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n so ni kò lè kọjá. Láràárọ̀ á lọ dúró sẹ́sẹ̀ afárá, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á ní, "Olúwa tó la òkun níyà, èyí kò tó òkun. Igi lásán ni."

Àdúrà kì í jábọ́ sínú igbó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe la ojú lẹ́yìn àmín, ó rí pátákó tuntun níwájú ilé kékeré kan tí ìjọba kọ́ sí ẹsẹ̀ afárá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló mọ̀ pé ó kọ pátákó náà, nítorí òun ló ń kọ gbogbo pátákó ìlú, ṣùgbọ́n àbúrò ti gbé àkàbà rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ìyá Ọlọ́ọ̀já dúró, ó ń ka lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

ETO IRANLOWO IJOBA FUN OJA KAN TI KO NI AALA. E WOLE.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ìjọba ń wá ọ̀já kan. Ọ̀já tí kò ní ààlà. Ẹni tó ń hun ọ̀já ní gbogbo agbègbè náà kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ló dúró níwájú pátákó. Ó ní, "Olúwa, ẹ ṣeun. Ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ kó pẹ́." Ó sì wọlé.

Akọ̀wé tí wọ́n fi síbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ọ̀rá tí wọ́n fi di àga rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀, ó sì ń dún wẹ́ẹ́rẹ́ nígbàkigbà tó bá mira. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì wá gba ìrànlọ́wọ́. Àwọn oníṣòwò ní ẹran tí ìjọba bá mú wá fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, kí èèyàn kọ́kọ́ wo ọwọ́ kejì bóyá ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Olú ilé iṣẹ́ sì ń pè é lójoojúmọ́, wọ́n ń bi í pé ọjà kan ṣoṣo náà dà.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, eyín ń dùn ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó fi aṣọ gba àgbọ̀n rẹ̀ yíká, ó so ó sórí, aṣọ náà sì bo etí rẹ̀ méjèèjì. Ìrora ti tẹ́ ohùn rẹ̀ pẹrẹsẹ: kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dọ́gba bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Ọlọ́ọ̀já wí. "Ohun tó wà lójú pátákó yẹn ni mo bá wá."

Akọ̀wé dìde tọ̀ọ̀tọ̀, àga sì dún. "Ẹ jokoo, Iya. Ọja yin nkọ? Ṣe o n kọja aala?"

"Ọ̀já mi kò tíì kọjá ẹ̀yìn ọmọ rí. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ní kó kọjá, á kọjá."

Nínú gbogbo gbólóhùn yìí, "á kọjá" nìkan ló wọ abẹ́ aṣọ dé etí Akọ̀wé. Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹyọ kan ṣoṣo la fẹ o. Ti ko ni ja laarin."

"Èmi tí mo ń fi í jẹun láti kékeré? Bí òwú bá ti wà, kò ní já."

"Ẹ gbọdọ ni alabaṣepọ ni ọhun."

"Ọmọ mi wà lọ́hùn-ún. Òun ló máa di etí kejì mú."

Omi lé ròrò sójú Akọ̀wé, a kò sì lè sọ bóyá ayọ̀ ni àbí eyín. "Ki lẹ wa fẹ ki ijọba ṣe?"

"Òwú," ni ìyá pariwo sí i létí. "Òwú rẹpẹtẹ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó wá béèrè ohun tó gbé e wá gan-an. "Èmi fúnra mi ńkọ́? Ṣé ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí lè kọjá?"

"Gbogbo ohun to ba ti jẹ ti ọja lo n kọja, Iya."

Ìyá Ọlọ́ọ̀já di ọ̀rọ̀ yìí sínú bí ẹni di wúrà sétí aṣọ. Ohun gbogbo tó bá ti jẹ́ ti ọ̀já. Òun sì rèé, ta ló tún jẹ́ ti ọ̀já jù ú lọ? Akọ̀wé ní tirẹ̀ ti ń bá olú ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ kí ìyá tó dé ẹnu ọ̀nà: ọjà kan ṣoṣo ti bẹ̀rẹ̀, kò ní ààlà, alábàáṣepọ̀ wà ní ọ̀hún, òwú ni wọ́n kọ́kọ́ nílò.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ẹrù fi já òwú sílẹ̀ títí òwú fi dí fèrèsé. Ìyá Ọlọ́ọ̀já dúpẹ́, ó jókòó sídìí òfì, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀já náà gùn, ó kún pálọ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó gba iwájú ilé arán-bàtà kọjá, ó yí kọ́nà, ó dorí kọ afárá. Àwọn ọmọdé ń fò ó. Àwọn abiyamọ ń fọwọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ó?

Arán-bàtà yọjú láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ìyá, ọmọ ta lẹ fẹ́ fi èyí pọ̀n? Ọmọ erin?"

"Ìjọba ni mo fẹ́ pọ̀n," ni Ìyá Ọlọ́ọ̀já dá a lóhùn láti inú ilé. "Wọ́n ní ó rẹ̀ wọ́n."

"Ẹ yáa so ó le o. Ìjọba kì í jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn èèyàn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín Akọ̀wé, ó tú aṣọ kúrò létí, ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó ń kí ará ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì ń gòkè ó ń sọ̀ bí ohùn ọmọ ènìyàn. Ọ̀já gbé e lẹ́sẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ níwájú ilé Ìyá Ọlọ́ọ̀já. Àbúrò ìyá wà lórí àkàbà níbẹ̀, ó ń kun fèrèsé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dà.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Akọ̀wé wí, ó ń gbọn eruku. "Kí lẹ fi dí ojú títì báyìí?"

"Ohun tí ẹ rán mi náà ni. Ọ̀já kan tí kò ní ààlà."

"Ọ̀já," ni Akọ̀wé wí. Ó wo ọ̀já náà títí ojú rẹ̀ fi dé kọ́nà. "Ọjà," ló tún wí. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé eyín tún ti padà sẹ́nu. "Ìyá, ọjà ni mo wí. Ọjà. Ibi tí wọ́n ti ń rà tí wọ́n ti ń tà."

"Ọ̀já náà ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Etí mi kò di o, ọmọ mi. Tìrẹ ló wà lábẹ́ aṣọ."

"Ó wà lójú pátákó."

Àbúrò ìyá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lórí àkàbà. "Ọ̀gá Akọ̀wé, ẹ má fi pátákó sí i. Mo fẹ́ fi àmì sórí àwọn lẹ́tà yẹn, ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣe é. Ẹ ní ètò ìjọba kò mọ àmì, lẹ́tà ló mọ̀."

"Wọn kò fi àmì sínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí!"

"Ẹ wá rí i báyìí. Ẹyin lohùn. Ó bọ́ lọ́wọ́ yín, ó sì ti fọ́."

Akọ̀wé jókòó sórí òwú. Ó ní kí ìyá tú ọ̀já náà. Lẹ́yìn èyí ó rántí pé olú ilé iṣẹ́ ti fi ìyìn ránṣẹ́ sí òun níwájú gbogbo ẹlẹgbẹ́ òun, àti pé Alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la wá fojú rí ọjà kan ṣoṣo náà. Ó ní kí ìyá má tú u mọ́. Ó ní kí ìyá kúkú máa hun ún lọ.

Ìyá Ọlọ́ọ̀já kò gbọ́ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ohun kan ló wà lọ́kàn rẹ̀. "Ohun tó bá jẹ́ ti ọ̀já, ṣé ó ṣì lè kọjá?"

Akọ̀wé tẹ orí ba. "Ìyá, ohun tó bá jẹ́ ti ọjà ni mo wí. Kò sí ènìyàn nínú ètò náà."

Ìyá yíjú padà sídìí òfì. Àbúrò rẹ̀ ní kó sinmi. Ìyá ní, "Mo ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Òun kì í ṣe akọ̀wé. Sún òwú yẹn fún mi."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, etí ọ̀já ti kan igi ìdènà. Èrò pé jọ sórí afárá. Alábẹ̀wò dé, àgbà obìnrin tó sanra, tó gbé agboòrùn dání, tó sì ń wo ohun gbogbo lókè awò ojú. Akọ̀wé dúró tì í, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń retí abẹ́rẹ́. Ní òdìkejì igi, ọmọ Ìyá Ọlọ́ọ̀já ti dé, ó pọn ọmọ. Ìyá Ọlọ́ọ̀já na ọrùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ohun tó sì rí kò ju orí kékeré kan lọ, tó ń wọ́ sọ́tùn-ún, tó ń wọ́ sósì.

Oníbodè gbé etí ọ̀já sókè. "Kí lèyí?"

"Ọ̀já ni," ni àbúrò ìyá wí.

"Ọjà?"

"Ọ̀já."

"Ṣé wọ́n ń tà á?"

"Wọ́n ń tà á."

"Ọjà ni nígbà náà. Ẹ má fi àkókò mi ṣòfò." Ó gbé igi sókè, igi ké, ọmọ jòjòló náà ta gìrì, òun náà sì ké. Alárù kan mú etí ọ̀já kọjá, ó fi lé ọmọ Ìyá Ọlọ́ọ̀já lọ́wọ́. Oníbodè sọ igi kalẹ̀, ó tún ké, ọmọ náà tún ké.

Alábẹ̀wò wo ọ̀já náà láti ọ̀hún títí dé kọ́nà ìhín. "Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Pálọ̀ mi," ni Ìyá Ọlọ́ọ̀já wí.

"Ibo ló parí sí?"

"Ó yẹ kó parí sẹ́yìn ọmọ-ọmọ mi, bí wọ́n bá jẹ́ kí n so ó."

Alábẹ̀wò yọ awò ojú, ó nu ún. Ó yíjú sí Akọ̀wé. "Mo ti ń bẹ ètò ìṣọ̀kan wò láti ọjọ́ tó ti wà. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo máa fọwọ́ kàn." Akọ̀wé la ojú kan.

Gbogbo ìyẹn kò kan Ìyá Ọlọ́ọ̀já. Ọmọ ṣì ń ké. Ó lọ bá Oníbodè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ọjà kan ṣoṣo ni ìhín àti ọ̀hún?"

"Òótọ́ ni. Òun ni mò ń ṣọ́."

"A jẹ́ pé inú ọjà ni mo wà yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wo orí ọmọ lọ́hùn-ún."

Oníbodè wò ó. Ó kùn díẹ̀ nínú ọ̀fun, nítorí òun náà ní ìyá. Ṣùgbọ́n ó mi orí. "Ìyá, òwe yín dára. Kò sí nínú òfin mi. Ọjà, ohun tí wọ́n fi di ọjà, àti ohun tí wọ́n dì mọ́ ọjà, ìwọ̀nyí nìkan ló ń kọjá." Ó wo ọ̀já tó wà nílẹ̀, ó wo ìyá, ó tún wo ọ̀já. Ó wá béèrè bí ẹni tí ìbéèrè náà bí nínú, "Ṣé wọ́n dì yín mọ́ nǹkan kan?"

Àbúrò ìyá kò dúró gbọ́ àtúnsọ. Ó gbé ọ̀já, ó yí i mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbàdí, ó yí i láyà, ó fà á le.

"Rọra, o ń fún mi lọ́rùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹrù kì í sọ̀rọ̀."

Oníbodè yí Ìyá Ọlọ́ọ̀já po. "Ó wà létò. Ẹrù tó wà lára ọjà. Èló ni?"

"Kò níye lórí," ni àbúrò wí.

"Ohun tí kò níye kò lè kọjá. Ẹ dá iye lé e."

"Ọ̀gá, ẹ fẹ́ kí n dá iye lé ẹ̀gbọ́n mi? Tí mo bá sọ pé ó wọ́n, ẹ ní mo fẹ́ rẹ́ni jẹ. Tí mo bá sọ pé kò wọ́n, bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ilé rẹ̀ sì ni mo máa ti jẹun lálẹ́."

"Ìwọ náà gbìyànjú kí o tà mí," ni Ìyá Ọlọ́ọ̀já wí láàárín ọ̀já. "Láti kékeré lo ti fẹ́ tà mí."

Láti òdìkejì ni ọmọ rẹ̀ ti ké sí wọn, "Mo ti rà á."

Oníbodè yíjú sí i. "Kí lẹ fẹ́ fi rà á?"

"Mo fẹ́ fi èyí tó wà lẹ́yìn mi ṣe pààrọ̀. Kó bá mi gbé e di alẹ́. Ẹ̀yìn ti ń ro mí."

Oníbodè bi Alábẹ̀wò bóyá pààrọ̀ wà nínú ètò. Alábẹ̀wò ní tí pààrọ̀ kò bá sí nínú ọjà, kí ló tún kù. Oníbodè lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀já ní àyà ìyá, ó gbé igi sókè, igi ké, wọ́n sì fa Ìyá Ọlọ́ọ̀já kọjá bí ẹrù tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sókè díẹ̀ kó lè jókòó dáadáa, ó fa ọ̀já gba abẹ́ ìdí rẹ̀, ó fi gbá orí rẹ̀ mọ́ra, ó so ó. Orí náà dúró. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. "Ṣé o ti rí i? Ibí yìí lọwọ́ ń gbà. Kì í ṣe bí ẹni di igi ìdáná." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń kì í:

Rọra, ọmọ òwú funfun tó fẹ́ daṣọ,
Ọmọ ahunṣọ má-wẹ̀yìn,
Ó hun pálọ̀ kún, ó hun dójú títì,
Ó hun dé ibi tí igi gbé dá ọ̀nà.
Ilé ìyá rẹ ò jìnnà, igi ló dábùú ẹ̀;
Igi náà yóò gbó, ìwọ kò ní gbó kó tó yà fún ọ lọ́nà.

Ọmọ ń sùn tí ìyá bá ń rìn, ó ń jí tó bá dúró. Afárá ló sì tẹ́jú jù. Ìyá Ọlọ́ọ̀já rìn dé igi. Oníbodè gbé e sókè, nítorí ọjà ni. Igi ké, ọmọ jí. Ó rìn dé ìhín, ó yí padà. Igi ké, ọmọ jí.

"Ìyá," ni Oníbodè wí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, "ṣé ẹ ń wọlé ni àbí ẹ ń jáde?"

"Mò ń rẹ ọmọ ni. Tí igi yẹn bá jẹ́ kó sùn, màá jókòó."

Oníbodè wo Alábẹ̀wò. Alábẹ̀wò ń wo odò. Ó gbé igi náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, ó sì fi okùn so ó mọ́ òpó kó má baà sọ̀ kalẹ̀ ké. Akọ̀wé rọra bi àbúrò ìyá bóyá ó lè bá òun fi àmì sí pátákó lọ́la. Àbúrò ní, "Èwo nínú àmì méjèèjì?" Akọ̀wé ronú títí, ó ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan láàárín èrò bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú un dání, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá sí ọ̀hún lọ kí àna rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Oníbodè la ẹnu láti béèrè ìwé ìkọjá lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ọlọ́ọ̀já fi ìka lé ètè, ó tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀. Oníbodè pa ẹnu dé.